Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè Kí Wọ́n Tó Ṣí Ilé-Ìwé?

Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 18 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 yìí, ni ilẹ̀kùn ilé-ìwé ti tún ṣí ní Èkó. Kò sí ibi tí a yà sí láàárín Lawánsọ̀n àti Ìdí-Òrò tí wọn kò ti bi wá ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ṣé ká jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí lọ ni, àbí ká dá wọn dúró nílé?" Wọ́n ń bi wá bí ẹni pé àwa náà wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣèpàdé ní Àbújá. A kì í ṣe dókítà. Yorùbá ni à ń kà, ilé ni a sì ti wà láti oṣù kẹta ọdún tó kọjá, nítorí ìyanṣẹ́lódì ASUU tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró lọ́sẹ̀ Kérésìmesì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ ló ká wa lára. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwa ni àwọn ìyá ń bi? Ṣé kò sí ẹni tó yẹ kó ti dá wọn lóhùn kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa ni?

Kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu: a kò sọ pé irọ́ ni kòrónà. Ẹni tó bá ń gbé Yábàá kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ọsibítù àwọn àrùn tó ń ràn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí IDH, àdúgbò wa ló wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́jú ọmọ Ítálì tí àyẹ̀wò fi hàn ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn náà ní Nàìjíríà. A kò sì sọ pé kò yẹ kí wọ́n ti ilé-ìwé rárá. Nígbà tí kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ l'Ékòó, Arábìnrin Fọláṣadé Adéfisáyọ̀, kéde pé kí gbogbo ilé-ìwé tì láti ọjọ́ 23 oṣù kẹta, a fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí àrùn náà yóò gbà yọ. Bí iná bá ń jó lọ́wọ́, èèyàn kì í kọ́kọ́ pe ìpàdé. Ohun tó ń bí wa nínú ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí iná rọlẹ̀ díẹ̀, tí àkókò ìpàdé tó, tí wọn kò sì pè é. Fún oṣù mẹ́wàá ni wọ́n ń tì, tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń sún un síwájú, tí wọ́n ń fà á sẹ́yìn, kò sì sí ìyá ọmọ kan tàbí tíṣà kan ládùúgbò wa tó lè sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni bi òun léèrè rí.

Ẹ rántí oṣù kẹfà sí oṣù keje. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà, Ọ̀gbẹ́ni Boss Mustapha, alága ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí kòrónà, kéde pé àwọn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá, ìyẹn Pírámárì 6, JSS3 àti SS3, lè padà síléèwé. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje, mínísítà kékeré fún ètò ẹ̀kọ́, Emeka Nwajiuba, sọ pé WAEC yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ. Àwọn ọmọ ta jí. Àwọn òbí yáwó lẹ́sìn. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 8, mínísítà àgbà, Adamu Adamu, jáde láti inú ìpàdé ìgbìmọ̀ aláṣẹ, ó ní ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ kankan kò ní ṣí, wọn kò sì ní ṣe WAEC náà. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn kí àwọn ọmọ pàdánù ọdún kan ju kí wọ́n kó sínú ewu lọ.

Queen's College wà ní Yábàá níbí, ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ sì ni. Ọmọbìnrin tó ń gbé ní òdìkejì títì, tó ń lọ sí ilé-ìwé ìpínlẹ̀, ṣì ń retí ohun tí gómìnà yóò sọ. Ti ọmọ Queen's College ti parí. Ìdánwò kan náà, àdúgbò kan náà, afẹ́fẹ́ kan náà ni wọ́n jọ ń fà símú. Nígbà tó máa fi di ìparí oṣù náà, ohùn tún yí padà: kí àwọn kíláàsì àṣekágbá wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, kí WAEC bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Èkó ní kí àwọn SS3 tirẹ̀ wọlé ní ọjọ́ 3. Láàárín oṣù kan péré, ohùn mẹ́rin. Ọmọ tó fẹ́ múra ìdánwò kò mọ̀ bóyá ìwé ni kí òun gbé tàbí igbá ọjà.

Nǹkan kan tún wà nípa ọjọ́ 8 oṣù keje yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò kíyè sí. Ọjọ́ náà gan-an ni bàálù tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín Èkó àti Àbújá. Ní ọjọ́ tí wọ́n sọ pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò lè jókòó nínú gbọ̀ngàn ìdánwò tí fèrèsé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwọn ọ̀gá ń jókòó ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú bàálù tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí. Wọ́n ti jẹ́ kí èèyàn máa rìnrìn àjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn láti ọjọ́ 1 oṣù náà. Dánfó ń ná Ojúẹlẹ́gba sí Muṣin. Ọjà Ojúwòye ń ná. Bí wọ́n ṣe ń fi ti ilé-ìwé fa síhìn-ín fa sọ́hùn-ún náà ni wọ́n ṣe ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì: wọ́n ní kí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà, wọ́n tún ní rárá, kí wọ́n tó wá ṣí i ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ. Ṣùgbọ́n àwọn àlùfáà àti pásítọ̀ ní ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba, ọ̀rọ̀ wọn sì dé etí. Àwọn oníbàálù náà ní. Ta ló ń bá ọmọ JSS2 sọ̀rọ̀?

A kò bínú sí ọjà tó ṣí. Ebi kò gbọ́ kónílé-ó-gbélé. Ṣùgbọ́n ibi tí ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ tì wà ní gbogbo ìgbà yẹn nìyẹn: ọjà. Ẹni tó bá gba Ojúwòye kọjá ní oṣù keje ọdún tó kọjá yóò rí wọn, àwọn tó yẹ kó wà ní Pírámárì 4 àti 5, igbá ata lórí, ìbòmú lọ́rùn. Wọ́n ní àwọn ti àwọn ọmọ mọ́lé nítorí kí wọ́n má bàa kó àrùn láàárín èèyàn ogójì nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ sì lọ ń pàdé èèyàn irínwó lójúmọ́ lẹ́nu ọjà. Ọmọkùnrin kan tí a mọ̀ ní Muṣin, tí a máa ń kọ́ ní ìṣirò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kí kòrónà tó dé, ti di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní Ládípọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Orí rẹ̀ pé, ó ti mọ orúkọ gbogbo nǹkan tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, ó sì ń mú owó díẹ̀ wálé. Nígbà tí a sọ fún un pé ilé-ìwé ti wọlé, ó wò wá. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, títí dìgbà wo?" A kò rí èsì fún un, nítorí ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ta ló fẹ́ fi iṣẹ́ tó ń mú owó wá sílẹ̀ nítorí ilé-ìwé tí wọ́n lè tún tì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀?

Wọn yóò sọ pé ẹ̀kọ́ ń lọ lórí rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, ìjọba Èkó gbé ẹ̀kọ́ sórí afẹ́fẹ́, wọ́n sì pín rédíò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. A kò ní fi ojú di ìyẹn, ìdí ni pé àwọn tíṣà tó ṣe é ṣiṣẹ́ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa wo Yábàá tí gbogbo ayé ń pè ní ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ. Wáyà íntánẹ́ẹ̀tì olówó iyebíye wà nínú ilẹ̀ ní Herbert Macaulay Way, àwọn ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn òyìnbó ti wá ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ yà sí àdúgbò kejì sí ẹ̀yìn. Ilé oníyàrá mẹ́jọ, ìdílé mẹ́jọ, fóònù ńlá mẹ́ta péré, tí gbogbo rẹ̀ ń bá àwọn bàbá lọ síbi iṣẹ́. Iná yóò dé ní agogo mọ́kànlá òru. Ọmọ mẹ́rin nílé kan, kíláàsì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, rédíò kan, ìyá sì fẹ́ gbọ́ ìròyìn. Ẹni tó ṣe ètò ẹ̀kọ́ yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé fèsì-mi-n-fèsì. Tó bá bi ìyá kan péré léèrè, ìyá náà ì bá ti sọ fún un.

Ibi tó dùn wá jù lọ, bóyá nítorí iṣẹ́ tí à ń kọ́, ni èdè. Gbogbo àtẹ̀jáde ìjọba tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ nípa ilé-ìwé láti oṣù kẹta títí di òní, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Orí Twitter ni a ti máa ń kọ́kọ́ rí i. Rédíò a máa túmọ̀ rẹ̀ nínú ìròyìn Yorùbá, a sì kí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan ni ìròyìn, kì í ṣe ìwé tí èèyàn lè dì mú kó tún un wò. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ojúwòye gbé fóònù rẹ̀ wá bá wa ní oṣù keje. Wọ́n ti fi àtẹ̀jáde ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, "exit class" sì ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti ṣàlàyé fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n máa ń kọ sí ẹnu ọ̀nà àbájáde ní ilé ìfowópamọ́. Ọkàn màmá ti dàrú: "Ẹ jọ̀ọ́, kí lọmọ mi ṣe tí wọ́n fẹ́ lé e jáde?" Ọmọ rẹ̀ wà ní Pírámárì 6. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi rò pé wọ́n ti lé ọmọ òun níléèwé.

Kíláàsì àṣekágbá. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní ẹ̀ka wa lè túmọ̀ rẹ̀ láàárín kó tó mu omi. Wọ́n tún kó "blended learning" wá, wọ́n kó "staggered resumption" tẹ̀ lé e, àwọn tó kọ ọ́ kò sì bi ara wọn pé ta ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà korò ni pé ìpínlẹ̀ yìí kan náà, ní ọdún 2018, nígbà Gómìnà Akínwùnmí Àḿbọ̀dé, ló ṣe òfin pé kí wọ́n máa kọ́ èdè Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé, ti ìjọba àti ti aládàáni. A yọ̀ nígbà náà. Àwọn kan lára wa tiẹ̀ sọ pé òfin yẹn ló fún àwọn láyà láti yan Yorùbá ní yunifásítì. Ìjọba tó ṣòfin pé dandan ni kí ọmọ kọ́ Yorùbá kò wá lè fi Yorùbá sọ ọjọ́ tí ilé-ìwé yóò wọlé fún ìyá ọmọ náà. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọmọ pírámárì ní iṣẹ́ wọn ní èdè Yorùbá, tí àwọn ọmọ náà sì ta àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Gbogbo wa la mọ ìtàn yìí, wọ́n ti fi bi wá nínú ìdánwò. Ní 2020, ọmọ Pírámárì 3 jókòó ti rédíò ní Àgùdà, ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Gẹ̀ẹ́sì, ìyá rẹ̀ tó lè ràn án lọ́wọ́ ní èdè tirẹ̀ sì jókòó ti í bí àlejò.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti oṣù kẹsàn-án, níbi tí wọ́n ti pín ọmọ Èkó sí ọ̀nà méjì ní gbangba. Ìjọba ní kí ilé-ìwé ṣí ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Àwọn pírámárì àti sẹ́kọ́ńdìrì aládàáni lè wọlé. Ní ti ìjọba, JSS3 àti SS2 nìkan ni kó wọlé, kí àwọn yòókù dúró de ìkéde mìíràn. Wọ́n dúró. Nígbà tó di oṣù kẹwàá tí wọ́n ń pe àwọn yòókù wọlé díẹ̀díẹ̀, ìwọ́de EndSARS gba ìgboro, wọ́n tún ti gbogbo rẹ̀ pa ní ọjọ́ 19, ó di ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá kí wọ́n tó tún ṣí i. Kí Kérésìmesì tó dé, àrùn tún gbérí, wọ́n tún tì í. Ẹ bá wa ṣírò iye ọ̀sẹ̀ tí ọmọ Pírámárì 3 ní ilé-ìwé ìjọba fi jókòó síwájú tíṣà láàárín oṣù kẹta sí ìparí ọdún. A ṣírò rẹ̀, ojú tì wá.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ilé-ìwé aládàáni ni ti olówó. Nígbà tí ìjọba Èkó ka àwọn ilé-ìwé aládàáni ní ọdún 2010 sí 2011, 12,098 ni wọ́n kà. Kì í ṣe Lẹ́kkí àti Ìkòyí ni gbogbo wọn wà. Ọ̀pọ̀ wọn, ilé petẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi pákó pín sí kíláàsì mẹ́fà ní Ìtirè tàbí Pápá Àjàó ni, tí àwọn òbí ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n bá ṣe tà. Owó yẹn ni wọ́n fi ń san owó oṣù tíṣà. Nígbà tí ilé-ìwé tì, owó dá, owó oṣù náà dá. A mọ tíṣà kan tó kọ́ méjì nínú wa ní pírámárì, tó ń rán súwẹ́tà ọmọdé títí di òní. Òmíràn ì bá gun ọkadà, ṣùgbọ́n ìjọba ti fòfin de ọkadà ní Súrùlérè àti Lagos Mainland láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2020, kí àrùn náà tó dé rárá. Kò sí ọ̀nà níwájú, kò sí lẹ́yìn. Àwọn tó ń ṣèpinnu lórí ṣíṣí àti títì, owó oṣù tiwọn kò dá ní oṣù kankan. A kò sọ èyí láti bú wọn. A sọ ọ́ nítorí pé ẹni tí bàtà ta lẹ́sẹ̀ ló mọ ibi tó ti ń ta á, wọn kò sì jẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn kan lára àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde ti bá wa jà lórí èyí. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ kú ni?" Wọ́n ní pàǹdẹ́míìkì ni, gbogbo ayé ló ń táràrà, kò sí ìjọba tó mọ ohun tó ń ṣe. Ó dáa. Denmark kó àwọn ọmọ kéékèèké padà síléèwé ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n sì sọ ìdí tó fi jẹ́ àwọn kéékèèké ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà. Ẹ ní òyìnbó ni wọ́n. Ghana ńkọ́? WAEC kan náà ni a jọ ń ṣe. Wọ́n pe àwọn ọmọ àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì wọn padà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, nígbà tí tiwa ṣì ń gbọ́ ohùn méjì-mẹ́ta. Kenya ló jọ wá. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje, ọjọ́ kan ṣáájú ìkéde Adamu Adamu, wọ́n sọ níbẹ̀ pé ọdún ẹ̀kọ́ 2020 ti ṣòfò, kí wọ́n tó tún pe àwọn kíláàsì kan padà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá. Nítorí náà a gbà pé àṣìṣe kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tiwa kì í ṣe àkọ́kọ́. Ṣé ẹ ti gbàgbé Ebola ni?

Ọdún 2014. Àwọn kan nínú wa wà ní JSS nígbà náà. Ogún èèyàn ló ní Ebola ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, Dókítà Stella Adadevoh wà lára wọn. IDH Yábàá yìí náà ni wọ́n ti tọ́jú àwọn tó ní in l'Ékòó. Ìjọba àpapọ̀ ní kí ilé-ìwé má wọlé títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn náà wọ́n fà á wá sẹ́yìn sí ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án. Èkó ní tirẹ̀ di ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ kan náà! Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn ní ojú wa ò tíì rí irú èyí rí, ẹ jẹ́ ká fi orí jì wọ́n. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, kí la fi ṣẹ́ kù nínú ẹ̀kọ́ tí Ebola kọ́ wa? Àwọn dókítà kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ohun tí wọn yóò ṣe nígbà tí ọmọ Ítálì yẹn dé. Ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kò kọ́ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ wà nílẹ̀ tí èèyàn bá fẹ́ béèrè. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé kí àwọn kan wá láàárọ̀ kí àwọn mìíràn wá lọ́sàn-án kí èrò má bàa pọ̀ nínú kíláàsì, àwọn òbí àgbà wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ilé-ìwé ọ̀sán. Kí Alhaji Lateef Jákàńdè tó di gómìnà ní 1979, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló ń wọlé ní ìpele-ìpele nítorí pé yàrá kò tó, òun ló kọ́ àwọn kíláàsì pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn káàkiri tó fi òpin sí i. Ìyá ìyá ọ̀kan nínú wa lè sọ fún kọmíṣánnà láìgba kọ́bọ̀ bí ọmọ ọ̀sán ṣe máa ń sùn lórí tábìlì, bí òkùnkùn ṣe máa ń bá ọmọbìnrin lọ́nà ilé, àti ohun tí àwọn ìyá ṣe sí i nígbà náà. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi àgbà nígbà tí wọn kò jẹ́ kó sún mọ́ ọmọ.

Ká padà sí ọ̀sẹ̀ yìí. Kí ọdún tuntun tó dé, wọ́n ti ilé-ìwé nítorí pé àrùn ń pọ̀ sí i. Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fúnra rẹ̀ ní in ní oṣù kejìlá, a dúpẹ́ pé ara rẹ̀ yá. Ní ọjọ́ 10 oṣù kìn-ín-ní yìí, iye àwọn tó ti ní in ní Nàìjíríà kọjá 100,000, ó sì ń lé ní 1,000 èèyàn tí wọ́n ń rí lójúmọ́. Ìyẹn ni pé àrùn náà pọ̀ ju ti ìgbà tí wọ́n tì í lọ, ìgbà yìí gan-an ni wọ́n sì ṣí i. Ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin lórí ètò ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n dúró fún oṣù mẹ́ta sí i. Ìjọba ní rárá, kí wọ́n wọlé. Ó lè jẹ́ pé ìjọba ló jàre. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti rí i pé àrùn náà kì í sábà pa ọmọdé, tàbí pé ìyà ilé ti pọ̀ ju ewu ilé-ìwé lọ. Tọkàntọkàn ni a máa fi gba irú àlàyé bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wa tiẹ̀ fẹ́ kí ilé-ìwé ṣí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́! Kí wọ́n sọ iye tó bá dé tí wọn yóò tì í, iye tó bá dé tí wọn yóò ṣí i, kí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ lè wo iye tí wọ́n ń kà lórí rédíò lálaalẹ́ kó sì mọ ohun tó ń bọ̀ kí ó tó dé.

Ìgbìmọ̀ alábòójútó tí wọ́n ń pè ní SBMC wà ní àwọn ilé-ìwé ìjọba. Òbí wà níbẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń pè wọ́n tí òrùlé bá ń jò tàbí tí wọ́n bá fẹ́ ra ọ̀dà. Kí ló dé tí wọn kò lè pè wọ́n kí wọ́n tó tún ti ilẹ̀kùn? Ìwé kan, ìbéèrè mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan: ṣé omi wà ní ilé-ìwé yín, ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì kan, kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe? Ẹni tó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú pàǹdẹ́míìkì, oṣù mẹ́wàá ló ti kọjá yẹn.

Ní tiwa, a ti túmọ̀ ìlànà ìwọlé tí ìjọba gbé jáde sí Yorùbá, ojú ìwé kan péré, láìsí ọ̀rọ̀ líle kankan nínú rẹ̀. A dá owó, a tẹ̀ ẹ́, a sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ojúwòye, Tẹ́júoṣó, ìdíkọ̀ Lawánsọ̀n àti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé mẹ́rin tó gbà wá láyè. Ẹni tó bá fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí àdúgbò tirẹ̀, kó kọ̀wé sí wa, a ó fi ránṣẹ́. Ọ̀rẹ́ wa kan ní ẹ̀ka Lìǹgúísíìkì ti ń bá wa ṣe ti Haúsá fún àwọn ará Ìdí-Àràbà. Ti Mákòókò ló kù. Ègùn ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Ègùn láàárín wa. Bí ẹ bá mọ ẹnìkan tó lè bá wa kọ ojú ìwé kan yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kàn sí wa kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.